Nígbà Tí Kẹ̀kẹ́ Bá Di Ẹrù: Ọgbọ́n Tí Wọ́n Fi Ń Gbé Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè Tó Dúró Ṣánṣán

Kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ orí òkè rí mọ̀ pé ibì kan ń bẹ lójú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò ti yí padà. Òkè yóò dúró ṣánṣán, táyà ẹ̀yìn yóò máa yí lójú kan, táyà iwájú yóò fẹ́ gbéra nílẹ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò sì fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, èèyàn ni yóò máa gbé kẹ̀kẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ Yorùbá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Bírítéènì ló gbà pé ibẹ̀ ni ìtìjú ti bẹ̀rẹ̀. A ó sọ̀kalẹ̀, a ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan ń wò wá, a ó sì máa ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí táyà rẹ̀ jò. Àwọn kan tiẹ̀ ti tìtorí ẹ̀ pa òkè tì pátápátá, wọ́n ní àwọn kò lágbára tó, tàbí pé eré àwọn òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gba ife ẹ̀yẹ nídìí eré yìí náà ń sọ̀kalẹ̀. Gbígbé kẹ̀kẹ́ gun òkè ní ọgbọ́n tirẹ̀, ó ní ìtàn tirẹ̀, àwọn sójà adúláwọ̀ sì wà nínú ìtàn náà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa pe kẹ̀kẹ́ kankan ní kẹ̀kẹ́ orí òkè.

Kí ló dé tí òkè kan kò fi ṣeé gùn?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnìkan wọn kílò 75, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọn kílò 15. Kílò 90 nìyẹn lápapọ̀. Ká tún ní òkè iwájú rẹ̀ ń fi mítà 25 ga sí i nínú mítà 100 kọ̀ọ̀kan tó bá lọ síwájú. Kẹ̀kẹ́ òde òní tó ní gíà tó fúyẹ́ gan-an, eyín 30 níwájú àti eyín 52 lẹ́yìn, ń lọ nǹkan bíi mítà 1.3 ní ẹ̀ẹ̀kan tí pẹ́dà bá yí po. Bí ẹni náà bá ń yí pẹ́dà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, eré tó ń sá kò tó kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan. Síbẹ̀, agbára tó gbọ́dọ̀ máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde sún mọ́ wáàtì 285, a ò sì tíì ka ti ẹrẹ̀ àti òkúta mọ́ ọn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ déédéé lè ṣe é fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ yunifásítì tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń ráyè gun kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe é pẹ́ rárá.

Wàyí o, kí ẹni náà sọ̀kalẹ̀, kó máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ ní kìlómítà méjì àbọ̀ ní wákàtí kan. Òkè kan náà ni, ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára tó ń fi gbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ lọ sókè ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi wáàtì 150. Òkè kò rọ̀ jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹsẹ̀ lè rìn jẹ́jẹ́ bó bá ṣe wù ú, kẹ̀kẹ́ kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí eré rẹ̀ bá ti kéré jù yóò ṣubú ni. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́: asáretete kò róyè jẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé.

Ìdí kejì wà nínú bí ìwọ̀n ara ṣe ń pín sórí táyà méjèèjì. Bí òkè bá ti ga púpọ̀, ìwúwo ara ń bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́. Bí a bá wá tẹ̀ síwájú láti mú un wálẹ̀, táyà ẹ̀yìn ni yóò pàdánù ìdìmú ilẹ̀, yóò sì máa yọ̀. Àyè tó wà láàárín méjèèjì kéré, bí òkè bá sì ṣe ń ga sí i ló ń kéré sí i. Lórí òkúta tútù, àyè náà lè má sí rárá.

Ẹ tún wo nǹkan kan nínú ìṣirò yẹn. Nínú kílò 90 tó ń gòkè, ìdá kan péré nínú ìdá mẹ́fà ni kẹ̀kẹ́. Ìdá márùn-ún tó kù, ara wa ni. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè náà ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yẹn. Kí ló wá dé tí kẹ̀kẹ́ fi ń dá wa lágara tó bẹ́ẹ̀? Ìwúwo rẹ̀ kọ́ ni olórí ìṣòro, bí ó ṣe ṣòroó dì mú ni. Pẹ́dà ń gbá ojúgun, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, táyà ń fi ẹrẹ̀ pa ni lára. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń dì í mú ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń gbà

*Títì.* Èyí ni ti ibi tí ọ̀nà ṣì fẹ̀ díẹ̀. Apá òsì kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ dúró sí, nítorí apá ọ̀tún ni ṣéènì àti eyín wà, àwọn yẹn ló ń ya sòkòtò tó sì ń ha èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìjókòó láti ẹ̀yìn. Ẹ na apá, ẹ jẹ́ kí ìwúwo ara yín máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ, dípò kí ẹ tẹ̀ba lé e lórí kí ẹ̀yìn máa ro yín. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, tí ọ̀gbun wà lápá kan, kẹ̀kẹ́ ni kó wà lápá ọ̀gbun. Bó bá yọ̀, ẹ ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò ní wó lù yín.

*Tì, tẹ bíréèkì, gbé ẹsẹ̀.* Èyí ni ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun ló sì wúlò jù níbi tó dúró ṣánṣán. Ẹ na apá kí kẹ̀kẹ́ lọ síwájú yín, kí ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì ṣinṣin. Kẹ̀kẹ́ kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Ó ti di ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ẹ dì í mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì sókè, ẹ jọ̀wọ́ bíréèkì, kí ẹ tún tì í síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe é títí. Ó dà bí ẹni pé kò yá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn máa fi apá nìkan di ẹrù mú lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìgbésẹ̀ kankan tí ẹ jèrè tí òkè yóò tún gbà padà lọ́wọ́ yín.

*Gbígbé kọ́ èjìká.* Níbi tí àtẹ̀gùn òkúta tàbí ẹrẹ̀ jíjìn bá wà, títì kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ ki apá ọ̀tún bọ àárín irin onígun mẹ́ta tó so kẹ̀kẹ́ pọ̀, kí ẹ gbé irin òkè rẹ̀ lé èjìká, kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹn kan náà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kó má baà máa yí. Báyìí ni àwọn eléré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ ṣe ń ṣe é. Orúnkún ni kí ẹ fi gbé e nílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn kò ní àyè tí apá lè gbà kọjá láàárín irin rẹ̀.

*Gbígbé lé ẹ̀yìn ọrùn.* Fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, àti fún òkè tó gùn, èyí ló dára jù. Kẹ̀kẹ́ yóò dùbúlẹ̀ lórí báàgì tí ẹ gbé sẹ́yìn, ní ẹ̀yìn ọrùn, pẹ̀lú táyà kan lápá òsì àti èkejì lápá ọ̀tún. Ọwọ́ kan yóò di irin tó mú táyà iwájú, ọwọ́ kejì yóò di apá pẹ́dà. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó má baà máa gún yín, kí ẹ sì yí apá tí ṣéènì wà síta. Bí ó bá ti jókòó dáadáa, ẹ lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú, kí èkejì máa di òkúta mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún atẹ́gùn. Kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn ọrùn dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Bí ìjì bá fẹ́ lù ú létí ọ̀gbun, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá.

Òṣùká ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé

Kò sí ìyá Yorùbá tó máa gbé agbọ̀n iṣu lérí láì ká aṣọ ṣe òṣùká. Ọgbọ́n kan náà ló yẹ ká mú lọ sórí òkè. Irin kẹ̀kẹ́ tó bá ń tẹ egungun èjìká fún ogójì ìṣẹ́jú yóò dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Ẹ ká ẹ̀wù òtútù tàbí aṣọ ìnujú sábẹ́ okùn báàgì níbi tí irin yóò jókòó sí. Àwọn kan tilẹ̀ ń wé fóòmù mọ́ irin kẹ̀kẹ́ náà.

Bàtà ni nǹkan kejì. Bàtà eré kẹ̀kẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le gbagidi dára fún pẹ́dà, ṣùgbọ́n lórí òkúta ńṣe ló ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ tó sì ní eyín tó ń dilẹ̀ mú ló yẹ ẹni tó mọ̀ pé òun yóò rìn. Ìkẹta ni aṣọ. Bí a bá ń ti kẹ̀kẹ́, òógùn máa ń bò wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius mẹ́fà sí méje nínú mítà 1,000. Tí a bá dé orí òkè pẹ̀lú ẹ̀wù tútù, tí a sì wá fi eré sọ̀kalẹ̀ nínú atẹ́gùn, òtútù yóò wọni lára dé egungun. Nítorí náà, ẹ bọ́ ẹ̀wù òkè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì, kí ẹ tọ́jú èyí tó gbẹ sínú báàgì, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Àwọn sójà Missoula

Ní ọdún 1896, ní Fort Missoula ní ìpínlẹ̀ Montana, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n fi dán an wò ni 25th Infantry, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ sójà adúláwọ̀ tí ìtàn ń pè ní Buffalo Soldiers. Sójà aláwọ̀ dúdú ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òyìnbó ni ọ̀gágun wọn, Lieutenant James A. Moss. Lọ́dún yẹn kan náà, Moss àti sójà mẹ́jọ gun kẹ̀kẹ́ gba àárín òkè lọ sí Yellowstone.

Èyí tó tóbi jù ni ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1897, ogún sójà kúrò ní Missoula pẹ̀lú Moss, dókítà kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Edward Boos. Ìlú St. Louis ni wọ́n ń lọ, nǹkan bíi máìlì 1,900, èyí tó lé ní kìlómítà 3,000. Wọ́n débẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Keje. Kẹ̀kẹ́ wọn kò ní gíà tí wọ́n lè yí. Irin gidi ni, wọ́n sì di aṣọ ìbora, àgọ́, oúnjẹ àti ohun èlò mọ́ ọn. Ìbọn wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ fojú inú wo ohun tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe lórí àwọn òkè Rocky. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n tì í. Òjò àti yìnyín bá wọn níbẹ̀. Ẹrẹ̀ Montana lẹ̀ mọ́ táyà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè yí mọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ọwọ́ họ ọ́ kúrò. Nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́ jù, wọ́n á gba ojú irin rélùwéè, lórí àwọn igi tó dá a ní ìbú. Ní Nebraska, iyanrìn ló dá wọn dúró, oòrùn sì mú. Sájẹ́ǹtì Mingo Sanders wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn jáde wá pàdé wọn nígbà tí wọ́n wọ St. Louis.

Moss fẹ́ kí wọ́n tún fi kẹ̀kẹ́ padà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ lọ sílé. Ogun Spain bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1898, ìdánwò kẹ̀kẹ́ náà sì parí síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sanders lẹ́yìn náà kò dùn ún gbọ́. Lọ́dún 1906, wọ́n fi ẹ̀sùn ìbọn yíyìn ní ìlú Brownsville ní Texas kan sójà 167 nínú ẹgbẹ́ ogun yìí. Láìsí ìgbẹ́jọ́, Ààrẹ Theodore Roosevelt lé gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Sanders, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn, wà lára wọn. Ọdún 1972 ni ilé iṣẹ́ ológun tó dá wọn láre, Sanders sì ti kú tipẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn adúláwọ̀ kò sí nínú ìtàn kẹ̀kẹ́ àti òkè, ẹ dárúkọ Missoula fún un.

Láti Colorado dé Yorkshire

Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tó nípọn sáré sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku kan tí wọ́n sọ ní Repack. Lọ́dún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í díje. Gary Fisher, Joe Breeze àti Charlie Kelly wà lára wọn. Àwọn kẹ̀kẹ́ náà wúwo, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní gíà, nítorí náà ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé e lọ sókè gbọ́dọ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn mìíràn kúrò ní Crested Butte ní Colorado, wọ́n gba Pearl Pass lọ sí Aspen, ọ̀nà tó ga ju mítà 3,800 lọ. Títì ni wọ́n ti kẹ̀kẹ́ fún apá tó pọ̀ níbẹ̀. Gíà tí wọ́n wá ń fi sára kẹ̀kẹ́ orí òkè lónìí, àárẹ̀ irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí i.

Ní Bírítéènì, àwọn kan ti ń ṣe irú eyí kó tó dìgbà náà. Ọdún 1955 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Rough-Stuff Fellowship sílẹ̀ ní Leominster, ẹgbẹ́ àwọn tó ń mú kẹ̀kẹ́ lásán lọ síbi tí títì tàbí ọ̀dà kò dé. Nígbà tó di ọdún 1961, ìdíje Three Peaks Cyclo-Cross bẹ̀rẹ̀ ní Yorkshire, ó sì wà títí di òní. Òkè mẹ́ta ni wọ́n ń gùn: Ingleborough, mítà 723, Whernside, mítà 736, àti Pen-y-ghent, mítà 694. Lórí Simon Fell, lójú ọ̀nà Ingleborough, òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá wò ó láti ọ̀ọ́kán, ìlà gígùn àwọn èèyàn tó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká ni ẹ ó rí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ di koríko àti wáyà mú. Ẹni tó ń ṣe ipò kìíní wà nínú ìlà náà. Òun náà ń rìn.

Òfin ilẹ̀ yìí

Kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè kankan, ẹ wo ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Òfin Countryside Act ti ọdún 1968 ló fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lásán kò fún un ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí máàpù Ordnance Survey aláwọ̀ ọsàn, ilà aláwọ̀ ewé tó já kéékèèké ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó já gígùn gígùn ni ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Ní Scotland, òfin Land Reform Act ti ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn láyè púpọ̀ ju èyí lọ, bí wọ́n bá ṣáà ti hùwà ọmọlúàbí.

Ẹ mú Yr Wyddfa gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, òkè tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Snowdon, mítà 1,085, òkè tó ga jù lọ ní Wales. Ọ̀nà ẹlẹ́ṣin mẹ́ta ló gun orí rẹ̀: Llanberis, Snowdon Ranger àti Rhyd Ddu. Nítorí ọ̀pọ̀ èrò tó ń rìn níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àdéhùn àtinúwá kan wà: láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè náà tàbí kó gùn ún sọ̀kalẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn ti ń yọ ní nǹkan bí aago márùn-ún òwúrọ̀. Ẹni tó bá tètè jí lè dé orí rẹ̀ kó sì sọ̀kalẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Àdéhùn ni, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ lójú, ìfòfindè ló lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tiwa jẹ́ ẹni tó ba ti gbogbo èèyàn jẹ́.

Ṣé kẹ̀kẹ́ oníná kò ti yanjú gbogbo rẹ̀?

Ó yanjú díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníná tó bá òfin mu ní Bírítéènì ní mọ́tò wáàtì 250, tí kò gbọ́dọ̀ ti èèyàn lẹ́yìn mọ́ bí eré bá ti kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan. Púpọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ máa rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí eré rẹ̀ kò ní ju kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan lọ. Lórí ojú ọ̀nà tó dán, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n irú kẹ̀kẹ́ orí òkè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọn kílò 20 sí 25. Bí bátìrì bá tán, tàbí bí odi òkúta kan tí a gbọ́dọ̀ gbé e gorí bá wà níwájú, ìwúwo yẹn yóò di tiyín pátápátá. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. Kẹ̀kẹ́ àlòkù tó fúyẹ́ díẹ̀, tí bíréèkì rẹ̀ múná, pẹ̀lú ọgbọ́n títì tí a sọ lókè yìí, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ ká padà

Kò sí ìtìjú nínú títì, kò sì sí nínú pípadà. Bí kùrukùru bá bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, bí yìnyín bá wà lórí òkúta, bí ọwọ́ bá ti kú tí kò lè tẹ bíréèkì mọ́, ẹ padà. Ẹ rántí pé ẹ ó tún gun kẹ̀kẹ́ náà sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti ń gbọ̀n kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti aago tí ẹ ó dé fún ẹnìkan nílé. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 999 ni kí ẹ pè: ẹ béèrè fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ pé àwọn adóòlà orí òkè ni ẹ ń fẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń wá. Bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òbí wa yóò sọ tiwọn. Ẹ ó gbọ́ ọ pé, “Ṣé kí o lè máa ru kẹ̀kẹ́ kiri orí òkè la ṣe bí ọ sí ìlú òyìnbó?” Ẹ má bínú, ẹ má sì jà. Ẹ bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà léèrè nípa kẹ̀kẹ́ Raleigh. Nottingham, ní ilẹ̀ yìí gan-an, ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà, ó sì di ìlú mọ̀ọ́ká nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn tíṣà, àwọn ẹlẹ́mu àti àwọn olóko gùn ún. Irin líle ni, púpọ̀ nínú wọn kò ní ju gíà kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó bá sì mọ ilẹ̀ Èkìtì, tó mọ bí òkè ṣe yí Èfọ̀n-Aláàyè ká, kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa ohun tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó di ẹrù sẹ́yìn ń ṣe nígbà tó bá débẹ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń tì í. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí gbogbo èèyàn mọ̀ pé òkè ni.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá òkè kan tí kò ga púpọ̀ nítòsí yín. Ẹ tì í, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé ẹsẹ̀. Ẹ ká ẹ̀wù yín ṣe òṣùká. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń rìn, ẹ yà fún un, kí ẹ sì kí i. Nígbà tí ẹ bá dé orí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ẹ gbé gòkè yóò gbé yín sọ̀kalẹ̀.